Bí Bàbá Mi Ṣe Tú Máṣíìnì Kí A Tó Lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́

Nínú àgbàlá tí wọ́n bí mi sí ní Pápá Àjàó ní Mushin, etí kì í sinmi. Ìró ìgbálẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jí wa, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ tí fọganáísà ẹnu ọ̀nà fi ń fẹ́ táyà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, àwọn tó ń lu ara mọ́tò ní òdìkejì títì yóò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Rédíò Ìyá Onílé kì í dákẹ́. Ìyá Onílé ni opó tó ni ilé náà. Ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí yóò máa ṣa ẹ̀wà, tí yóò sì máa dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Ìyá mi ń dirun fún àwọn obìnrin àdúgbò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ọwọ́ ìyá mi le. Bó bá dirun fún mi ní ọjọ́ Sátidé, n kò ní lè fi orí lélẹ̀ dáadáa títí di ọjọ́ Mọ́ńdè. Bàbá mi jẹ́ tíṣà ní Àgùdà. Máṣíìnì ló máa ń gùn lọ síbẹ̀, alùpùpù kan tí táǹkì rẹ̀ pupa, tó ti gbó kọjá kí ẹnikẹ́ni máa jiyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n tí èèyàn kò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ létí bàbá mi bó bá ṣì fẹ́ jẹun nílé wa. Lónìí, bí mo bá rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń gun ọ̀kadà láti Èkó lọ sí òkè, tí wọ́n kàn da epo sí i, tí wọ́n nu ìjókòó, tí wọ́n sì gbéra, inú máa ń bí mi. Àwọn ọmọ mi máa ń sọ pé, “Màmá, kí ló kàn yín?” Ó kàn mí. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, máṣíìnì kì í dédé rìnnà jíjìn.

Òfin bàbá mi ni. Bó bá kù díẹ̀ kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí í ṣe ìlú òun àti ìyá mi, yóò tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, yóò sì tú máṣíìnì náà bí ẹni ń tú ẹrù ìyàwó. Yóò da ọ́ìlì àtijọ́ sínú abọ́ tánganran, yóò ti ìka bọ̀ ọ́, yóò fi ìka méjì rá a wò bóyá ìyẹ̀fun irin wà nínú rẹ̀. Yóò yọ pulọ́ọ̀gì, yóò fi bébà sákasàka ha dúdú ẹnu rẹ̀ kúrò. Yóò wo búréèkì, yóò wo iná, yóò tutọ́ sí ẹnu tíúbù táyà kó lè mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń yọ́ jáde. Ṣéènì ni tèmi. Bàbá mi á rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, èmi á sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi máa tẹ̀ wọ́rọ́wọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Bó bá tò ó padà tán, yóò di ẹrù lé e bí èyí tí yóò gbé lọ, yóò gùn ún dé Ìdó, yóò sì gùn ún padà. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò tẹ́ aṣọ funfun kan, tó ti jẹ́ aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì rí, sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí aṣọ náà funfun síbẹ̀, ìrìnàjò yá. Bí ẹ̀kán ọ́ìlì kan ṣoṣo bá wà lórí rẹ̀, kò sí ẹni tó ń lọ síbì kan. “Máṣíìnì lè parọ́ fún etí,” bàbá mi á ní, “kò lè parọ́ fún aṣọ funfun.” Ìyá mi á bú sẹ́rìn-ín, á ní ọkọ òun ti fẹ́ ìyàwó kejì, irin sì ni.

Kì í ṣe pé wọ́n bí òfin yìí mọ́ bàbá mi. Ó ní àbúrò kan tí n kò bá láyé, Tìmótì lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí bàbá wọn kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnìkan tí kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Tìmótì ní Mushin níbí, ó ní, “Bàbá yín ti kú o.” Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, bí ẹni ń sọ pé òjò ń bọ̀. Tìmótì gbé máṣíìnì lójú ẹsẹ̀. Kò wo táyà, kò wo ṣéènì, ẹkún ló ń sun lọ. Ṣéènì náà já lọ́nà Ìbàdàn, ó há mọ́ táyà ẹ̀yìn, ó sì gbé e ṣubú sójú títì níbi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀. Òkú méjì ni ìdílé wọn sin lọ́sẹ̀ kan náà. Bàbá mi kì í sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi, nígbà kan tí mo bi í pé kí ló dé tí bàbá fi máa ń fi ọwọ́ pa ṣéènì bí ẹni ń fọwọ́ pa orí ọmọ.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú. Àwọn mọ́tò tò sí ilé epo láti òní di ọ̀la, ẹsẹ̀ ni àwọn èèyàn fi ń rìn láti Yàbá wá sí Mushin. Bàbá mi rọ epo kún táǹkì, ó tún tọ́jú kẹ́ẹ̀gì kan sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun náà sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Àgùdà láràárọ̀ kí epo náà má bàa tán. Ọ̀sán ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni Bùọ̀dá Àlàó wọlé dé. Ìbátan ìyá mi ni, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé. Ó ti lọ wọ ọkọ̀ ojú irin tó máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó sọ̀ ní Ìdó, ó sì fẹsẹ̀ rìn wá bá wa pẹ̀lú eruku ní gbogbo bàtà rẹ̀. Inú ìyá mi dùn débi pé ó fi orí oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdajì.

“Bùọ̀dá, ẹ káàbọ̀! Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n yára ro èbà.”

“Omi ti tó, àbúrò mi. Mi ò lè jẹun.”

“Ẹ̀ẹ́tijẹ́? Ṣé àlàáfíà lẹ wá?”

“Àlàáfíà ni. Ara Ìyá ni ò fi bẹ́ẹ̀ le. Wọ́n ní kó o wá wò wọ́n, kí ọkọ ẹ náà bá ẹ wá.”

Ó mu omi náà, kò sì jókòó. Ó lọ dúró de bàbá mi lábẹ́ igi máńgòrò, lẹ́bàá máṣíìnì. Nígbà tí bàbá mi dé láti ilé ìwé, àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ níbẹ̀. Mo ń wò wọ́n láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rí i tí bàbá mi ṣí fìlà, tó dì í mú sí àyà, tó sì tún dé e padà. Lẹ́yìn náà Bùọ̀dá Àlàó ní òun ń lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ òun kan ní Yàbá, pé ibẹ̀ ni òun yóò ti dúró de ọkọ̀ ojú irin tí yóò padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo gbà lónìí pé ojú ìyá mi ló ń sá fún.

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọn kì í rán àgbàlagbà láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Èkó nítorí orí fífọ́. Àwa kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lójú ẹni tó ni ín. A ó ní ara kò yá, a ó ní kó máa bọ̀, títí yóò fi dé àárín àwọn tó lè dì í mú bó bá fẹ́ ṣubú. Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ti kú. Wọ́n ti sin ín kí Bùọ̀dá Àlàó tó wọ ọkọ̀. Bàbá mi mọ̀. Ìyá Onílé náà mọ̀, nítorí ó rí ọkùnrin tó ti ìrìnàjò dé tí kò fẹnu kan oúnjẹ. Èmi ò mọ̀, ọmọdé ni mí. Èyí tó máa ń dùn mí ni ti ìyá mi. Ìyá mi kan náà yìí ló lọ sọ fún aládùúgbò wa kan, kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà, pé ara bàbá rẹ̀ kò yá, kó máa lọ sílé. Ó mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan òun fúnra rẹ̀, ó gbọ́ “ara kò le”, ó sì gbà pé ara kò le ni. Ó ní ìyá òun máa nílò òun. Gbogbo ohun tó ń fẹ́ láyé lọ́sẹ̀ náà kò ju kó bá ìyá rẹ̀ lójú ayé lọ.

Ní ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ti dé gáréèjì Ìdó. Kò sí ọkọ̀ kankan tó ń jáde. Àwọn dírẹ́bà sùn sínú mọ́tò wọn, wọ́n ń retí epo. Oòrùn ti mú nígbà tó padà wọlé pẹ̀lú báàgì rẹ̀, ohun tó sì kọ́kọ́ rí ni bàbá mi, tó gba àyè níbi iṣẹ́, tó kúnlẹ̀ sórí àpò ìrẹsì, tí ìfun máṣíìnì wà nílẹ̀ yí i ká.

“Bàbá Bísí, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?”

“Mò ń tú máṣíìnì. Òun ló máa gbé wa lọ.”

“Ẹ̀ẹ́ṣe tí ẹ ń tú u nígbà náà? Ìyá mi wà lórí àìsàn, ẹ̀ ń ha pulọ́ọ̀gì! Ẹ tò ó padà ká gbéra báyìí, a ó dé Ìbàdàn kí oòrùn tó wọ̀.”

“Mi ò lè gbé ẹ gun ohun tí mi ò tíì yẹ̀ wò. O mọ òfin mi.”

“Òfin! Ṣé òfin ló bí mi ni?”

Ìyá Onílé dá sí i láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. “Ìyá Bísí, ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú, kì í bà jẹ́. Fi í sílẹ̀ kó ṣe é bó ṣe yẹ.”

“Ẹ má bínú, mà. Ìyá tiyín kọ́ ló wà lórí ẹní.”

Mo ń retí ìjà. Ìyá Onílé tó lè fi odindi ọjọ́ jà nítorí ìgbálẹ̀ kan, ẹ̀wà rẹ̀ ló tẹjú mọ́. Ó ní, “Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi,” ó sì ń ṣa á lọ. Ìyá mi wá sọ fún bàbá mi pé bí a bá tilẹ̀ máa lọ, èmi náà máa bá wọn lọ, nítorí Màmá Àgbà máa fẹ́ rí mi. Bàbá mi kì í gbé ju èèyàn kan sẹ́yìn máṣíìnì lọ́nà jíjìn, kì í tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ yẹn ó ní, “Ó dáa. Kó bá wa lọ.” Kò jiyàn rárá.

Ìyá mi bá bẹ̀rẹ̀ ìpalẹ̀mọ́ tirẹ̀. Ó ra mílíìkì alágolo, ó ra ìpara fún oríkèé ríro, ó yọ ìró tuntun kan tí kò tíì ró rí. Lẹ́yìn náà ó ra ẹja gbígbẹ. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣa eegun rẹ̀ kúrò títí dé èyí tó tín-ín-rín bí irun, ó dà á sínú odó kékeré, ó sì ń gún un. Ó ń kọrin ìsìn jẹ́jẹ́ bó ṣe ń gún un. “Màmá Àgbà ò ní eyín mọ́,” ló wí fún mi. “Bó bá ti kúná dáadáa, a ó bù ú sínú ẹ̀kọ, á kàn máa wọlé lọ ni.” Ó fi ìka tọ́ ọ wò, ó ní kò tíì kúná tó, ó tún ń gún un. Lábẹ́ igi máńgòrò, ìró sípánà bàbá mi ti dákẹ́. Mo wo ibẹ̀, ó di nọ́ọ̀tì kan mú lọ́wọ́, ó ń wo odó náà.

“Ìyá Bísí,” ó ní, “ó ti tó. Má gún un jù.”

“Kí ló kàn yín nínú ẹja? Ẹ gbájú mọ́ irin yín.”

Ó sì gbájú mọ́ irin rẹ̀. N kò mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lásìkò yẹn, n kò sì ní purọ́ pé mo mọ̀ ọ́n. Mo kàn mọ̀ pé mo ti dàgbà báyìí, mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, mo sì ti jókòó ti odó tèmi náà, bí mo bá rántí ìró odó yẹn, ọkàn mi á bà jẹ́ pátápátá. Obìnrin kan ń ṣe oúnjẹ fún ìyá rẹ̀ tó ti wà nínú ilẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó. Ìyá Onílé ń wò ó. Gbogbo wọn ń ṣe ohun tí àṣà ní kí wọ́n ṣe, kò sì sí ẹni tó na ọwọ́ gba ọmọ odó náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́rú bàbá mi tò ó tán, ó di àpò gàrí mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì rọ́pò ìyá mi, ó gbé èmi sí àárín, a sì lọ sí Ìdó bí ìṣe rẹ̀. Ó sábà máa ń sọ̀rọ̀ lọ́nà: á ní kí n tẹ́tí gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí, kí n sọ fún òun bí ìró kan bá yàtọ̀. Lọ́jọ́ náà kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a dé etí omi ní Ìdó, ó dúró, ó sọ̀, ó fọwọ́ kan táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, ó wá dúró lẹ́yìn máṣíìnì, ó ń nu ojú fún ìgbà pípẹ́. Mo bi í pé kí ló ṣe ojú rẹ̀, ó ní eruku ni. Kò sí eruku kankan létí omi yẹn. Kí a tó padà, ó ní, “Bísí, bá a bá ń lọ, dì mí mú o. Má jẹ́ kí oorun gbé ẹ.” Mo ní, “Ẹ má yọnu, sà,” bí àgbàlagbà, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ náà ló tẹ́ aṣọ funfun. Ìyá mi ti di báàgì sẹ́nu ọ̀nà, ó ti fi ìgò ẹja gígún sí òkè pátápátá kí n má bàa jókòó lé e. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, kí n tó bọ́jú, mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó dúró níwájú máṣíìnì, ẹ̀kán ọ́ìlì kan sì wà láàárín aṣọ náà, kò tóbi ju ojú ẹ̀wà lọ. Bàbá mi ti ń wá sípánà.

“Ẹ má tú u,” ìyá mi ní. “Mo bẹ̀ yín. Ẹ̀kán kan ni. Bàbá Bísí, ẹ wo ojú mi. Ẹ̀kán kan ṣoṣo!”

“Ẹ̀kán kan níbí, ìgò kan ni kí a tó dé Ọ̀yọ́. Irin inú rẹ̀ á gbóná, wọ́n á há mọ́ra wọn, á sì gbé gbogbo wa ṣubú.”

“Ẹ jẹ́ kó gbé wa ṣubú!”

“Mi ò lè ṣe é, Àdùkẹ́.”

Oríkì rẹ̀ ló pè yẹn, kì í sì í pè é lójú èèyàn. Bóyá ohun tó mú inú ìyá mi ru nìyẹn. Ó ká ọwọ́ lé orí, ó sì sọ ọ́ fún gbogbo àgbàlá láti gbọ́: “Bí ìyá mi bá kú kí n tó dé ọ̀hún, ẹ̀yin àti máṣíìnì yín lẹ pa á. Ọlọ́run ń gbọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ pa á.”

Àwọn tó ń pọnmi dúró. Ìyá Onílé pa rédíò rẹ̀, ohun tí n kò rí i kó ṣe rí láàárọ̀. Ó ní, “Ìyá Bísí, ẹyin lohùn o.” Bàbá mi wà lórí eékún. Gbólóhùn kan péré ló kù kó dá ara rẹ̀ láre. Bó bá ní, “Ìyá rẹ ti kú kí n tó fọwọ́ kan sípánà,” kò sí ẹni tó tún máa bú u mọ́ láyé. Ó ní, “Mo gbọ́,” ó sì na ọwọ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Wọ́ṣà pẹlẹbẹ tó wà lẹ́nu ibi tí ọ́ìlì ń gbà jáde ló ti jẹ. Ó wá òmíràn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, ọjọ́ yẹn sì bá a lọ, aṣọ funfun tún lọ sábẹ́ máṣíìnì. Ìyá mi kò gbé oúnjẹ fún un. Ó bu èbà, ó bu ọbẹ̀, ó fi sílẹ̀ lórí àdògán, ó ní kí n gbé e fún ẹni tó ni ín. Bàbá mi jẹ ẹ́ nígbà tó ti tutù.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, aṣọ náà funfun. A gbéra. Èmi ni mo wà láàrin wọn, imú mi mọ́ ẹ̀yìn bàbá mi, àyà ìyá mi mọ́ ẹ̀yìn mi, ọwọ́ ìyá mi sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó di ìgbànú bàbá mi mú pinpin. Bó ṣe ń bínú tó yẹn, ó dì í mú. Àìsí epo ti mú kí ọ̀nà dá, máṣíìnì náà sì ń lọ geere, kò kọ́, kò jò, kò gbóná. Ní Ìbàdàn bàbá mi sọ̀, ó fọwọ́ kan ṣéènì, ó ní kò dẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ ìyá mi ní kó dúró kí òun ra ọsàn, pé ìyá òun fẹ́ràn ọsàn. Bàbá mi dúró. Ìyá mi ra á, bàbá mi sì bá a so ó mọ́ ẹrù. Láti Ọ̀yọ́ lọ, mo ń gbọ́ ohùn ìyá mi lórí mi, ó ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí òun bá a. Kí òun ṣáà bá a. Etí bàbá mi kò jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni ó gbọ́.

Nígbà tí a wọ Ògbómọ̀ṣọ́, kò gba ọ̀nà ilé Màmá Àgbà. Ilé Bàbá Rótìmí ló yà sí, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin. Àwọn àgbàlagbà mélòó kan ti wà ní pálọ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń retí wa. Ìyá mi sọ̀, ó ń gbọn eruku aṣọ rẹ̀.

“Kí ló dé tá a yà síbí? Ilé ìyá mi kọ́ nìyí.”

“Wọlé kó o jókòó, Àdùkẹ́,” ni Bàbá Rótìmí wí.

“Mi ò jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá ńkọ́?”

“Jókòó ná. Mu omi.”

Ó wo omi náà. Ó wo àwọn obìnrin méjì tó ti dìde, tí wọ́n wá dúró lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀. Ó ní, “Nígbà wo?”

“Wọ́n ti lọ sinmi, àbúrò mi. Ààrùn la lè wò, a ò rí ti ọlọ́jọ́ ṣe.”

“Mo ní nígbà wo?”

“Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá.”

Mo rí i tó ń ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni Bùọ̀dá Àlàó dé. Kò sunkún lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ yíjú sẹ́yìn, ó wo bàbá mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí dúdú ọ́ìlì ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló fẹ́ ṣubú, àwọn obìnrin méjèèjì sì gbá a mú, bí wọ́n ti ṣe ètò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú wa dé ibojì, erùpẹ̀ orí rẹ̀ ti gbẹ, ó ti ń sán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, bàbá mi jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé Bàbá Rótìmí. Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní lẹ́bàá rẹ̀. Ìyá mi jáde wá láti inú ilé.

“Ẹ mọ̀,” ó ní.

“Mo mọ̀.”

“Ẹ rí mi tí mò ń gún ẹja.”

“Mo rí ẹ.”

“Ẹ jẹ́ kí n máa ṣa eegun rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bú yín lójú gbogbo ilé. Kí ló dé?”

“O mọ ọ̀rọ̀ Tìmótì. Wọ́n sọ ọ́ fún un kò lójú, kò dé ilé. Ọ̀nà jìn, Àdùkẹ́. Ẹni tó ń sunkún ò lè di èèyàn mú lórí máṣíìnì. Ọmọ sì tún wà láàrin wa.”

“Èmi kọ́ ni Tìmótì.” Kò pariwo. “Ọjọ́ tí Bùọ̀dá Àlàó dé, ká ní ẹ pè mí sínú yàrá, ká ní ẹ sọ fún mi. Ǹ bá sunkún ìyá mi nílé mi. Gbogbo ọjọ́ tí ẹ fi ń tú irin, ǹ bá fi sunkún, ojú mi ì bá ti gbẹ kí a tó gbéra. Ọwọ́ mi le. Ǹ bá dì yín mú.”

Mo ti sọ ìtàn yìí fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti ìgbà náà. Àwọn ọkùnrin sábà máa ń ní bàbá mi gbọ́n, ó ní sùúrù, ó gba èébú láti gbé ìyàwó rẹ̀ délé láyọ̀. Òótọ́ ni, ó gbé wa dé, mo wà láàyè tí mò ń kọ ọ́. Àwọn obìnrin sábà máa ń dákẹ́. Ní tèmi, mo fẹ́ràn bàbá mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ, ṣùgbọ́n mo rò pé ìyá mi jàre. Ọkùnrin yẹn yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò kí a tó gbéra, kò wo obìnrin tó fẹ́ gbé sẹ́yìn rẹ̀ bóyá ó lágbára.

A lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ padà, bàbá mi ti jí yẹ máṣíìnì wò látòkè délẹ̀. Ó gùn ún, ó gbé mi sẹ́yìn rẹ̀, ìyá mi sì gùn ún tẹ̀lé mi. Mo ń retí kí ọwọ́ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Kò gbà á. Ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó di irin tí a máa ń so ẹrù mọ́ mú. Bàbá mi dúró díẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́.

“Ṣé o ti dì mú?” ó bi í.

“Mo ti dì mú.”

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí a fi dé Pápá Àjàó, èmi nìkan ni mo di bàbá mi mú.